Ẹ Kọ Orúkọ Yorùbá Sábẹ́ Àwòrán Labalábá

 

Nílé àwọn ọ̀rẹ́ wa ní Al Warqa níbí, mo máa ń rí àwòrán labalábá tí wọ́n yà bíi ti inú ìwé àtijọ́ lára ògiri yàrá ọmọdé. Labalábá na apá sílẹ̀, nọ́ńbà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, orúkọ Látìn wà lábẹ́ rẹ̀. Ó lẹ́wà. Àmọ́ kí ló dé tí kò fi sí ọ̀rọ̀ Yorùbá kan ṣoṣo níbẹ̀, nínú ilé ọmọ Yorùbá?

Ẹ wo ibi tí irú àwòrán yìí ti wá. Dru Drury, alágbẹ̀dẹ fàdákà ní Lọ́ńdọ̀nù, wà lára àwọn tó sanwó fún Henry Smeathman ní 1771 pé kó lọ kó kòkòrò wá láti Sierra Leone, tí àwọn bàbá wa ń pè ní Sàró. Moses Harris ló bá Drury ṣe àwòrán ìwé rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, tó jáde láàárín 1770 sí 1782. Papilio antimachus, labalábá tó tóbi jù ní Áfíríkà, wà nínú ìkẹta. Iṣẹ́ ìṣirò owó ni mo ń ṣe, ohun tí wọn ò kọ sínú ìwé ni ojú mi máa ń wá. Orúkọ tí àwọn onílẹ̀ ń pè é dà?

Ẹlòmíràn á ní, "Ṣebí labalábá náà ni Yorùbá ń pe gbogbo wọn?" Ó dáa. Linnaeus ará Sweden, ní 1758, inú ìtàn àwọn Gíríìkì ló ti ṣa orúkọ fún ọ̀pọ̀ labalábá. Labalábá kò kúkú gbọ́ Gíríìkì! Bí òun bá lè sọ wọ́n lórúkọ látinú ìtàn, àwa náà lè sọ wọ́n lórúkọ látinú ohun tí a fojú rí.

Ẹ mú Danaus chrysippus. Ó wà níbí, ó wà nílé. Ewé bọmubọmu ni ọmọ rẹ̀ máa ń jẹ kó tó hu apá, bọmubọmu kan náà tí àwọn Fúlàní fi ń mú wàrà dì, tó ń hù nínú iyanrìn Dubai níbí. (Ẹ má jẹ́ kí oje rẹ̀ kan ọmọ lójú o.) Oje kíkorò yẹn ló ń mú kí ẹyẹ sá fún un. Àwọn ará Íjíbítì ti ya labalábá yìí sára ògiri ibojì Nebamun ní nǹkan bí 1350 ṣáájú ìbí Kristi. Ó wà ní British Museum báyìí. Àárín ẹyẹ àti koríko odò ni wọ́n yà á sí, láàyè, kì í ṣe pé wọ́n fi abẹ́rẹ́ kàn án mọ́lẹ̀. Tèmi, mo fẹ́ràn ìyẹn ju ti Drury lọ.

Nílé wa, labalábá bọmubọmu là ń pè é. Tí ọmọ yín bá fẹ́ ya àwòrán rẹ̀, kó ya ewé bọmubọmu sí i, kó sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé:

Labalábá bọmubọmu nìyí. Apá rẹ̀ pupa bí epo. Etí apá rẹ̀ dúdú, ó ní àmì funfun wínníwínní.

Èyí tó wà nílé sábà máa ń ní funfun lápá ẹ̀yìn, ẹ lè jẹ́ kí ọmọ ya méjèèjì. Kó fi àmì ohùn sí i dáadáa o: apá ni labalábá fi ń fò, àpá ni ojú egbò tó ti jinná.