Ẹni Tí Wọ́n Jà Lólè Dà Níbi Ìdúnàádúrà?

Bí aṣọ́bodè bá mú ọmọkùnrin kan ní Ìlárá pẹ̀lú àpò ìrẹsì mẹ́ta lórí ọ̀kadà, kò sí agbẹjọ́rò àgbà tí yóò bá a dúnàádúrà ìyà rẹ̀. Ìrẹsì lọ, ọ̀kadà lọ. Kò jí ti ẹnikẹ́ni; bóyá ilé ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ lódìkejì ààlà ni ó ti ń bọ̀. Bí ó bá sì dé ẹ̀wọ̀n, yóò bá ọ̀pọ̀ tí a kò tíì dá lẹ́jọ́ níbẹ̀.

Àwọn wo wá ni plea bargain wà fún? Ní 2005, Tafa Balogun, ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá tẹ́lẹ̀, jẹ́wọ́, ó yọ̀ǹda dúkìá, ó gba ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà. Ní 2008, Lucky Igbinedion, gómìnà Ẹdó tẹ́lẹ̀, san ìtanràn mílíọ̀nù 3.5 náírà, ó gba ilé lọ. Ní oṣù kìíní 2013, John Yusufu jẹ́wọ́ lórí owó ìfẹ̀yìntì àwọn ọlọ́pàá níwájú Adájọ́ Abubakar Talba l'Ábújá. Ìtanràn 750,000 náírà! Ó san án lójú ẹsẹ̀. Ẹ pè é ní àdéhùn, ẹ má pè é bẹ́ẹ̀, ìjẹ́wọ́ ni ó fi ra òmìnira. Àjọ NJC dá adájọ́ náà dúró fún ọdún kan, ṣùgbọ́n ó di 2018 kí Ilé-ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn tó sọ ọ́ sí ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́fà, tí ó sì ní kí ó dá bílíọ̀nù 22.9 padà.

Àwọn alátìlẹ́yìn àdéhùn yìí ní owó ni ó ń bá wa gbà padà. Mo gbà bẹ́ẹ̀: Cecilia Ibru yọ̀ǹda dúkìá tó lé ní bílíọ̀nù 190 náírà ní 2010. Ṣùgbọ́n owó ta ni? Lọ́dọ̀ àwọn àgbà wa, bí a bá mú olè ewúrẹ́, a lè pẹ̀tù sí i, kí ó san án padà. Ẹni tó ni ewúrẹ́ ń bẹ níjókòó, òun ni yóò sì sọ pé òun gbà. Ta ni ó bi kọ́ńsítébù tó fẹ̀yìntì sí Ayétòrò bóyá ó gbà?

Òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn ti 2015, ní abala 270, mẹ́nu ba ìfọwọ́sí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ tàbí aṣojú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a lò ó, kí ó má jẹ́ orí ìwé lásán. Bí owó ìfẹ̀yìntì bá ni, kí aṣojú àwọn òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì dìde nílé ẹjọ́, kí ó sọ ohun tí wọ́n fẹ́ gbà àti èyí tí wọn kò fẹ́. Bí kò bá sí níbẹ̀, kí adájọ́ kọ àdéhùn náà, kí ẹjọ́ máa lọ.