Oko sọ tọkọtaya di onígbèsè, ni wọ́n bá pàgọ́ fún àlejò síbẹ̀

Bí èèyàn bá jogún oko, kú oríire làwọn ará àdúgbò máa ń kí i. Wọ́n á ní àwọn tó bí i ti ṣiṣẹ́ sílẹ̀ dè é, kó máa jayé orí ẹ̀ lọ ló kù. Bẹ́ẹ̀, ogún mìíràn wà tó jẹ́ pé gbèsè ni wọ́n fi aṣọ àlà wé, ìgbà tí èèyàn bá tú u ló máa tó mọ ohun tó wà nínú ẹ̀. Irú ẹ̀ ló bá Charlie Burrell nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí oko àwọn òbí rẹ̀ àgbà já mọ́ ọn lọ́wọ́ lọ́dún 1987.

Oko kékeré kọ́ o. Éékà 3,500 ni, Knepp ni wọ́n ń pè é. Ìpínlẹ̀ West Sussex ló wà, níhà gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, kò sì fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí pápákọ̀ òfurufú Gatwick tí ọ̀pọ̀ èèyàn wa mọ̀ bí ẹní mowó. Ilé ńlá kan tó dà bí ààfin wà láàárín oko náà. Ẹni tó bá rí i lókèèrè á rò pé owó ló kúnlé. Ṣùgbọ́n Charlie tí kò ju ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lọ nígbà náà ló mọ ibi tí bàtà ti ń ta á lẹ́sẹ̀.

Ilẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni wàhálà. Amọ̀ ni, amọ̀ tó le paraku. Bí òjò ìgbà òtútù bá dé, á rọ̀ bí ògì, katakata ò ní lè wọ̀ ọ́. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, á gan bíi kọnkéré. Àwọn àgbẹ̀ tí ilẹ̀ tiwọn dáa á ti gbin nǹkan, á ti hù, àwọn ará Knepp á ṣì máa wo ojú ọ̀run.

Kò sì sóhun tí òun àti ìyàwó ẹ̀, Isabella Tree tó jẹ́ òǹkọ̀wé, kò ṣe tán. Wọ́n ra ẹ̀rọ ńlá ńlá, wọ́n da ajílẹ̀ olówó gọbọi sílẹ̀, wọ́n sin màlúù tí wọ́n ń fún wàrà ẹ̀, wọ́n tiẹ̀ ṣe áísìkíríìmù tà. Àṣekúdórógbó ni gbogbo ẹ̀. Bí owó ṣe ń wọlé láàárọ̀ ló ń bá ẹ̀yìnkùlé jáde lálẹ́, títí tí gbèsè tí wọ́n jẹ báǹkì fi ga dé mílíọ̀nù kan ààbọ̀ pọ́n-ùn. Isabella fúnra ẹ̀ ló sọ ọ́ sínú ìwé tó pè ní Wilding, tó jáde lọ́dún 2018.

Lọ́dún 2000, wọ́n gbà fún Ọlọ́run. Wọ́n ta àwọn màlúù, wọ́n ta katakata àti ẹ̀rọ oko, wọ́n sì ní káwọn òṣìṣẹ́ tó ti ń bá wọn bọ̀ máa lọ. Ẹni tó bá ti dá òṣìṣẹ́ dúró rí, pàápàá ẹni tó mọ ìyàwó àtọmọ onítọ̀hún, á mọ̀ pé iṣẹ́ tó korò ni.

Kí wọ́n tó tajà yẹn, ọkùnrin kan tó mọ̀ nípa igi dáadáa, Ted Green, ti wá wo àwọn igi óákù tó wà níbẹ̀ lọ́dún 1999. Ó ní títú tí wọ́n ń tú ilẹ̀ yí igi ká àti kẹ́míkà tí wọ́n ń dà sí i ló ń pa á díẹ̀díẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ wọ́n létí. Láti ọdún 2001 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ilẹ̀ sílẹ̀ kó sinmi, ìjọba sì fún wọn lówó tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n da màlúù oníwo gígùn, ẹṣin kéékèèké, ẹlẹ́dẹ̀ àti àgbọ̀nrín síbẹ̀, wọ́n ní kí wọ́n máa jẹ̀ bó ṣe wù wọ́n. Kò sẹ́ni tó ń gbin nǹkan, kò sẹ́ni tó ń roko.

Háà, àwọn ará àdúgbò bínú! Wọ́n ní ìyà wo ló jẹ tọkọtaya yìí tí wọ́n fi sọ oko bàbá di igbó? Àwọn mìíràn kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn. Wọ́n ní koríko ẹlẹ́gùn-ún tó gba ibẹ̀ kan máa tó ràn dé oko àwọn, pé ilẹ̀ tó yẹ kó máa bọ́ èèyàn ni wọ́n fi ń ṣeré. Ọ̀rọ̀ koríko yẹn ń ká Charlie àtìyàwó ẹ̀ lára, àfi bó ṣe di ọdún 2009 tí labalábá ya dé láti ọ̀nà Áfíríkà. Ọmọ tí wọ́n pa síbẹ̀ ló jẹ koríko ọ̀hún run.

Àwọn ẹyẹ náà bẹ̀rẹ̀ sí í padà. Àdàbà tó ti ń tán lọ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń ké níbẹ̀. Lọ́dún 2020, ẹyẹ àkọ̀ funfun pamọ sórí igi níbẹ̀, ohun tí ojú ò rí nílẹ̀ náà fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún.

Ẹyẹ dáa lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹyẹ kì í san gbèsè báǹkì. Ibi tí ọ̀rọ̀ àgọ́ ti wọlé nìyẹn. Lọ́dún 2014, wọ́n ṣílẹ̀kùn oko fún àlejò. Glamping làwọn òyìnbó ń pe irú ẹ̀, ọdún 2016 ni ìwé atúmọ̀ èdè Oxford gba ọ̀rọ̀ náà wọlé. Ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé èèyàn sùn nínú igbó, ṣùgbọ́n tìmùtìmù ló sùn lé. Wọ́n pa àgọ́ aláṣọ ńlá, wọ́n gbé ahéré onígi tó ní ẹsẹ̀ mọ́tò kalẹ̀, irú èyí táwọn darandaran wọn ń sùn sí láyé ọjọ́un, wọ́n sì kọ́ ilé sórí igi. Bẹ́ẹ̀dì wà níbẹ̀, ààrò tí wọ́n ń dáná igi sí wà níbẹ̀. Tí ilẹ̀ bá mọ́, wọ́n á fi mọ́tò gbé àlejò yí oko ká, kó lọ wo àgbọ̀nrín.

Ọmọ Èkó tó bá gbọ́ èyí lè ní, "Èmi tí mo sá kúrò nínú ahéré bàbá mi, kí n tún wá sanwó kí n tó sùn síbẹ̀?" Ṣùgbọ́n àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù tí ariwo mọ́tò ti sọ létí di odi, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni wọ́n ń fowó rà. Ohun tó pọ̀ lọ́wọ́ Charlie tí kò kà sí, òun gan-an ni wọ́n ń wá.

Kò sì ní dáa kí ẹnikẹ́ni rò pé àgọ́ nìkan ló ṣe é. Wọ́n ń ta ẹran àwọn màlúù náà, wọ́n tún àwọn ilé oko tó ṣófo ṣe, wọ́n fi háyà fáwọn oníṣẹ́, owó ìjọba sì wà níbẹ̀. Ẹni tó ní éékà márùn-ún ò lè ní òun fẹ́ ṣe bíi Knepp. Ìwé àṣẹ náà tún wà níbẹ̀. Láti ọdún 2023, òfin gba àgbẹ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyè láti pa àgọ́ tó tó 50 fún ọgọ́ta ọjọ́ lọ́dún láìṣẹ̀ṣẹ̀ tọrọ àṣẹ kíkún, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ sọ fún ìjọba ìbílẹ̀ kó tó pa á. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ilé tó máa wà níbẹ̀ títí, àfi kó gbàṣẹ.

Ìjà àwọn àgbẹ̀ tó ní ilẹ̀ wà fún oúnjẹ kò sì tíì parí, ọ̀rọ̀ wọn náà sì ní ìdí. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tó fẹ́ sọ ọmọ di alágbe ṣì wà lọ́wọ́ ọmọ ọ̀hún. Kò tà á, báǹkì ò sì gbà á. Ọdún mẹ́tàlá ló fi bá amọ̀ jà kó tó gbà pé amọ̀ ló lágbára jù.