Láti Ẹ̀fọ̀n dé Èkó: Òfurufú Yá, Títì Ni Ó Ń Pinnu

Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Lóde òní, ọ̀nà méjì ni ó wà fún ará Ẹ̀kìtì Ìwọ̀-Oòrùn tí ó ń lọ sí Èkó: ti ilẹ̀ àti ti òfurufú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó gbà pé a kò lè fi méjèèjì wéra, nítorí pé bí ọkọ̀ òfurufú bá gbéra ní Àkúrẹ́, nǹkan bí ìṣẹ́jú 45 ni yóò fi dé Èkó. Ṣùgbọ́n Àkúrẹ́ kọ́ ni ará Ẹ̀fọ̀n, Àrámọkọ àti Ìjerò ń gbé. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà ilé wọn.

Bí a bá na okùn tààrà láti Èkó, nǹkan bí 210 kìlómítà ni Ẹ̀fọ̀n, nǹkan bí 230 sì ni Àkúrẹ́. Ẹni tí ó bá fò lọ sí Àkúrẹ́ ti kọjá ìlú rẹ̀, yóò sì padà sẹ́yìn. Pápá ọkọ̀ òfurufú Adó, tí Gómìnà Káyọ̀dé Fáyẹmí ṣí ní oṣù October 2022, wà ní ọ̀nà Ìjàn, ní ìhà ìlà-oòrùn Adó. Kí ará Ẹ̀fọ̀n tó lè fò lọ sí Èkó, àfi kí ó kọ́kọ́ kọ ẹ̀yìn sí Èkó.

Ọ̀nà mọ́tò gba Erínmọ̀, Ìwàràjà, Iléṣà, Ifẹ̀ àti Ìbàdàn, ó sì tó nǹkan bí 280 kìlómítà. Bí mọ́tò bá ń sá 60 kìlómítà ní wákàtí kan láìdúró, wákàtí 4 àti ìṣẹ́jú 40 ni. Bí kòtò bá dín eré rẹ̀ kù sí 45, ó di wákàtí 6 ó lé díẹ̀.

Ti òfurufú ńkọ́? Ẹ fi wákàtí 1 ààbọ̀ sílẹ̀ fún ìrìn láti Ẹ̀fọ̀n dé pápá Àkúrẹ́, wákàtí 1 fún ìdúró níbẹ̀, ìṣẹ́jú 45 fún fífò, àti ìṣẹ́jú 30 láti sọ̀kalẹ̀ kí a sì gba ẹrù ní Ìkejà. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ wákàtí 3 àti ìṣẹ́jú 45. Èrè tí a jẹ lórí títì tí ó dára kò pé wákàtí kan. Bí ọkọ̀ bá sì pẹ́ kí ó tó gbéra, èrè náà run, owó gegele tí a san kò sì padà.

A kò sọ èyí láti tàbùkù pápá ọkọ̀ òfurufú. Nítorí ẹrù oko gan-an ni a fi kọ́ ti Adó. Ṣùgbọ́n iṣu Àrámọkọ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ Ìjerò kò ní ìyẹ́. Orí mọ́tò ni wọn yóò gbà dé ibẹ̀, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó ti ń pọ́n kì í sì dúró de ẹnikẹ́ni.

Títì tí ó ti Adó gba Àrámọkọ àti Ẹ̀fọ̀n lọ sí Ìwàràjà, ti ìjọba àpapọ̀ ni. Òun ni àwọn tí ń fò àti àwọn tí kò lè fò jọ ń tọ̀. Ẹni tí ó bá tún un ṣe, tí ó sì ń tọ́jú rẹ̀ lọ́dọọdún, ti dín ìrìn àjò tọlọ́rọ̀ tòtòṣì kù. Ibẹ̀ ni ó yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀.