Ọkọ̀ tí ń Mu Iná àti Ẹni tí Kò Ní Àgbàlá

Láti ìgbà tí Ìjọba Nàìjíríà ti yọ owó ìrànwọ́ kúrò lórí epo bẹntiróòlù ní òpin oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí lítà kan tí kò tó ₦200 ní Èkó nígbà náà sì ti di nǹkan bí ₦1,000 kí ọdún 2024 tó parí, kò sí àpèjọ àwọn ọ̀mọ̀wé tàbí ti àwọn ìjòyè tí a lọ tí a kò gbọ́ ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí kì í mu epo rárá, tí ó jẹ́ pé iná mànàmáná ni oúnjẹ rẹ̀. Àwọn kan ti rà á. Àwọn mìíràn ń ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ wọn ní ìlú Òyìnbó pé kí wọn bá àwọn wá a wò. Àwa kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí èyí, nítorí ọkọ̀ náà dára: kì í pariwo, kì í rú èéfín, ohun tí ó lè bàjẹ́ nínú ẹ̀rọ rẹ̀ sì kéré sí ti ọkọ̀ elépo. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí a kì í gbọ́ lẹ́nu àwọn tí ń tà á, òun náà ni a sì fẹ́ bi gbogbo ẹni tí ń ka ìwé yìí: níbo ni ọkọ̀ náà yóò ti máa mu iná?

Ẹni tí ó ní ilé tirẹ̀, tí ó ní àgbàlá àti ẹnu ọ̀nà tí ọkọ̀ ń gbà wọlé, ìbéèrè yìí kò ni í lára. Bí ó bá ti ibi iṣẹ́ dé ní ìrọ̀lẹ́, yóò ki wáyà bọ ọkọ̀, yóò wọlé lọ jẹun, yóò sì sùn. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ọkọ̀ ti yó. Ṣùgbọ́n ayálégbé tí ó wà ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, tí ń gbé ọkọ̀ rẹ̀ sí ẹ̀bá títì níbikíbi tí àyè bá gbé ṣí sílẹ̀, kò lè na wáyà láti ojú fèrèsé. Ó di dandan fún un kí ó lọ ra iná ní ìta. Àwọn baba wa mọ irú ọ̀ràn yìí dáradára nípa omi. Ẹni tí ó ní kànga nínú agbo ilé kì í béèrè iye tí garawa kan jẹ́. Ẹni tí kò ní ni ó ń dúró de mẹ́ruwà, iye tí mẹ́ruwà bá sì pè é náà ni yóò san. Omi kan náà ni àwọn méjèèjì ń mu.

Kí ẹnikẹ́ni má bàa rò pé àròsọ ni a ń sọ, ẹ jẹ́ kí a wo Ìlú Ọba, níbi tí ọ̀ràn náà ti dàgbà ju tiwa lọ. Ìjọba ibẹ̀ ti pinnu pé láti ọdún 2030 a kì yóò ta ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun tí ó jẹ́ pé bẹntiróòlù tàbí díísẹ́lì nìkan ni ó ń lò mọ́. Wọ́n kọ́kọ́ wí bẹ́ẹ̀ ní 2020, wọ́n sún un sí 2035 ní 2023, wọ́n sì tún dá a padà sí 2030 ní 2025. Ìpinnu yìí kò yọ ẹni tí kò ní àgbàlá sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni a máa ń ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí ìdámẹ́ta àwọn ìdílé ìlú náà ni kò ní ibi tí wọ́n lè gbé ọkọ̀ sí nínú ọgbà ara wọn, pàápàá àwọn tí ń gbé inú ilé àtijọ́ tí a kọ́ mọ́ ara wọn lọ́wọ̀ọ̀wọ́ ní ayé Ọbabìnrin Victoria, nígbà tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kò tíì wọ́pọ̀. Àwọn ọmọ wa ní Peckham, tí àwọn kan ń fi ṣeré pè ní Èkó Kékeré, inú irú ilé bẹ́ẹ̀ tàbí inú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ìjọba ìbílẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn ń gbé. Àwọn tí ń fi ọkọ̀ kérò jẹun nínú wọn kò tilẹ̀ ní òmìnira àti yan èyí tí ó wù wọ́n, nítorí láti ọjọ́ kìíní ọdún 2023, ọkọ̀ ìkérò tí a bá ń gba ìwé àṣẹ fún ní ìgbà àkọ́kọ́ ní Lọ́ndọ́ọ̀nù gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ó lè rìn láìrú èéfín.

Ẹ wá gbọ́ ìṣírò rẹ̀. Ní ìgbẹ̀yìn ọdún 2024, yúnìtì iná kan nínú ilé, ní iye tí àjọ tí ń ṣọ́ owó iná fi lélẹ̀, jẹ́ pẹ́ńsì 24 àti ààbọ̀. Ẹni tí ó bá bá ilé iṣẹ́ iná ṣe àdéhùn òru lè rí i rà ní pẹ́ńsì 7 sí 9. Ní ibùdó ìta, níbi tí iná ti ń yára wọ ọkọ̀, yúnìtì kan náà tó nǹkan bí pẹ́ńsì 80. Ẹ jẹ́ kí a mú ọkọ̀ kan tí bátìrì rẹ̀ ń gba yúnìtì 60, èyí tí ó lè gbé ènìyàn dé nǹkan bí máìlì 200. Onílé tí ó ṣe àdéhùn òru yóò san bíi pọ́n-ún 5. Onílé tí kò ṣe àdéhùn kankan yóò san bíi pọ́n-ún 15. Ayálégbé yóò san pọ́n-ún 48. Bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ elépo tí kò tóbi, bí ó bá rin máìlì 200 náà, epo tí yóò mu ní ọdún náà kò ju nǹkan bí pọ́n-ún 32 lọ! Ọkọ̀ tí a ní ó máa dín owó kù, ó ń dín in kù fún ẹni tí owó kò ni lára, ó sì ń fi kún un fún ẹni tí ń ka kọ́bọ̀ mọ́ kọ́bọ̀.

Èyí tí ó dùn wá jù ni ti owó orí ọjà. Ní ọdún 2024 kan náà, ìdá 5 nínú 100 ni Ìjọba Ìlú Ọba ń gbà lórí iná tí a lò nínú ilé, ṣùgbọ́n ìdá 20 nínú 100 ni ó ń gbà lórí iná ibùdó ìta. Ní oṣù kejì ọdún náà, ìgbìmọ̀ kan ní Ilé Àwọn Lọ́ọ̀dù gba Ìjọba nímọ̀ràn pé kí ó sọ méjèèjì di ọgbọọgba. Àwa kò rí ìdí kan tí ó fi yẹ kí a máa gbọ́ ìmọ̀ràn bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn tí àwọn tálákà ti san án fún ọdún púpọ̀.

A kò ní í sọ pé àwọn Òyìnbó káwọ́ lẹ́rán. Láti oṣù kẹfà ọdún 2022, ilé tuntun tí a bá kọ́ ní England tí ó ní ibi ìgbọ́kọ̀sí gbọ́dọ̀ ní ibi tí a ti lè fi iná sí ọkọ̀. Ní Sutherland Avenue ní Westminster, ní ọdún 2020, gbogbo òpó iná ìgboro, tí ó jẹ́ 24, ni wọ́n sọ di ibi tí ọkọ̀ ti lè gba iná. Ní Oxford wọ́n gbẹ́ gọ́tà tínínrín sí ojú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, kí onílé lè na wáyà gba inú rẹ̀ láti ilé dé ẹ̀bá títì láìgbé ẹnikẹ́ni ṣubú; ní 2025 Ìjọba ya mílíọ̀nù 25 pọ́n-ún sọ́tọ̀ kí irú rẹ̀ lè tàn kálẹ̀. Ọgbọ́n gọ́tà yìí wù wá púpọ̀, nítorí ó jẹ́ kí ẹni tí ń gbé ẹ̀bá títì ra iná ní iye tí onílé ń rà á. Ṣùgbọ́n ẹ kíyèsí i pé ọkọ̀ ni ó ṣáájú, tí gọ́tà ń sáré tẹ̀lé e.

Ẹnìkan lè dá wa lóhùn pé ọ̀ràn Òyìnbó ni èyí, pé nílé wa níhìn-ín a kò tíì rí iná tí yóò tan gílóòbù, áḿbèlètórí ọkọ̀. Òótọ́ ni, ó sì tún mú kí ọ̀ràn náà le sí i. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, Ìjọba gbé owó iná àwọn tí a pè ní Band A, tí a ṣèlérí wákàtí 20 lójúmọ́ fún, dé ₦225 fún yúnìtì kan. Ní iye yẹn, yúnìtì 60 jẹ́ ₦13,500, nígbà tí epo máìlì 200 náà tó nǹkan bí ₦25,000 ní ìparí ọdún 2024. Èrè gidi wà níbẹ̀, fún ẹni tí ó wà ní Band A tí ó sì ní mítà tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ihò iná ara ògiri lásán yóò lò tó wákàtí 24 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí bátìrì bẹ́ẹ̀ tó kún. Ẹ wá wo ilé oníyàrá ìdojúkọra, tí ìdílé mẹ́jọ ń dá owó sí mítà kan: ọjọ́ tí ọ̀kan nínú wọn bá ki wáyà bọ ọkọ̀ ni ìjà yóò bẹ̀rẹ̀ nínú ilé náà, onílé yóò sì fún un ní ìwé kí ó kó jáde.

Ọ̀nà mìíràn wà tí ó sún mọ́ wa ju Lọ́ndọ́ọ̀nù lọ. Ní Kùtọnu àti Lómẹ́, láti ọdún 2022, àwọn alálùpùpù ìkérò ti ń gun alùpùpù oníná tí ilé iṣẹ́ Spiro kó wá. Àwọn wọ̀nyí kì í fi iná sí i nílé rárá. Bí bátìrì bá rẹ̀, ẹni náà yóò yà sí ibùdó, yóò kó èyí tí ó ti tán sílẹ̀, yóò gba èyí tí ó kún, yóò sì máa bá tirẹ̀ lọ láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó kó ìgò òfìfo lọ sí ọ̀dọ̀ ọlọ́tí. Ayálégbé àti onílé di ọ̀kan náà níbẹ̀. Ibi tí ẹ̀rù ti ń bà wá ni pé bátìrì kì í ṣe ti ẹni tí ń gun alùpùpù. Ẹni tí ó ni bátìrì ni ó mú okùn ọrùn ẹṣin dání, bí ó bá sì jẹ́ òun nìkan ni ó ní ibùdó ní ìlú, iye tí ó bá wù ú ni yóò bù lé e.

Nítorínáà ọ̀dọ̀ ẹ̀yin Ọba àti ìjòyè ni a ti wá. Ọwọ́ yín, àti ọwọ́ àwọn baálé agbo ilé, ni ilẹ̀ ẹ̀bá ọjà, iwájú ààfin àti ibùdókọ̀ wà, ibẹ̀ gan-an sì ni àwọn oníṣòwò iná yóò kọ́kọ́ wá béèrè. Kí ẹ má ṣe ta á fún wọn. Kí ẹ yá wọn lò fún iye ọdún tí ẹ mọ̀, kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé pé iye yúnìtì kan yóò hàn gbangba lára pátákó, kí ó má sì ju iye tí ẹni tí ń gbé ilé ńlá ń san lọ ju bí ó ti yẹ kí owó iṣẹ́ àti wáyà fi kún un. Kí ẹ má sì fi gbogbo rẹ̀ lé ẹnìkan ṣoṣo lọ́wọ́. Ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé tí ẹ ń kọ́ ilé fún ayálégbé, mítà tí olúkúlùkù yóò máa dá san kò wọ́n tó ẹjọ́ tí ẹ ń dá láàrin wọn lóṣooṣù.

Àwọn ọjà àti ibùdókọ̀ tí à ń tún kọ́ lọ́wọ́lọ́wọ́ ni kí a ti bẹ̀rẹ̀. Bí ọkọ̀ oníná kò tilẹ̀ tíì dé ìlú náà, kí a ri páìpù tí wáyà yóò gbà kọjá sínú ilẹ̀ kí a tó da kankéré lé e. Owó páìpù kò tó nǹkan. Owó àtifọ́ kankéré lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá ni ìgbìmọ̀ ìlú kò ní í rí san.