Kí Ojú Tó Ń Ṣọ́ Owó Ìlú Dé Ìdí Pọ́ǹpù

Ní gbogbo ọjọ́ ọjà, ìyá tó ń ta gàrí ní Kétu ń san owó tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó ń ta ata ní Àjàṣẹ́ ń san, ẹni tó ń ta iṣu ní Ṣábẹ̀ náà ń san. Owó kékeré ni lọ́wọ́ ẹnì kan, ṣùgbọ́n bó bá para pọ̀, owó ńlá ni. Ìbéèrè wa kò ju ẹyọ kan lọ: ta ló ń bá wa wo ibi tí owó náà ń wọlé sí?

Ní Bẹ̀nẹ̀, àtúnṣe Òfin Ìpìlẹ̀ ti oṣù kọkànlá ọdún 2019 ló dá Ilé Ẹjọ́ tó ń yẹ owó ìlú wò sílẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní Cour des comptes lédè Faransé. Kó tó di ìgbà náà, ẹ̀ka kan lásán ni iṣẹ́ yìí jẹ́ nínú Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ. Àwọn ará Tógò ti ṣáájú wa: Òfin Ìpìlẹ̀ wọn ti ọdún 1992 ló dá tiwọn sílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ rere ni, a sì yìn ín. Ṣùgbọ́n ìwé ni olùyẹ̀wò sábà máa ń kà, ìwé sì lè mọ́ tónítóní kí pọ́ǹpù má lómi. Ìwé lè sọ pé pọ́ǹpù mẹ́rin ni wọ́n gbẹ́. Ará abúlé ló mọ̀ pé méjì ló ń ṣiṣẹ́. Ní ọdún 2015, ìjọba ilẹ̀ Họ́lándì dá ìrànwọ́ tó ń ṣe fún ìjọba wa dúró nítorí owó iṣẹ́ omi tó bọ́ sọ́nà àìtọ́. Òùngbẹ kò gbẹ àwọn tó kó owó. Àwọn ará abúlé ló gbẹ. Ẹni tí a fi orí rẹ̀ fọ́ àgbọn kì í jẹ níbẹ̀.

Nítorí náà, a fẹ́ kí wọ́n fẹ agbára ilé ẹjọ́ yìí lójú. Kí olùyẹ̀wò lè tẹ̀ lé owó kúrò ní ọ́fíìsì mẹ́ẹ̀rì dé ọ̀dọ̀ agbaṣẹ́ṣe àti báńkì rẹ̀, kó sì dé ibi iṣẹ́ láìránṣẹ́ ṣáájú. Bí abúlé kan bá fẹ̀sùn kàn, kí ilé ẹjọ́ náà gbọ́dọ̀ fèsì. Kí òfin sì dá ọjọ́ fún ọ́fíìsì tí wọ́n bá rí àbùkù lọ́wọ́ rẹ̀ láti dáhùn ní gbangba.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, ìròyìn ilé ẹjọ́ ti Tógò lórí owó àrùn Kòrónà ọdún 2020 jáde, ó sì tú àbùkù púpọ̀ síta. Ìròyìn dára, ṣùgbọ́n ìròyìn nìkan kì í dá owó padà. Bí wọ́n bá sì kọ ọ́ lédè Faransé nìkan, ìyá alátà kò ní mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹ kà á sórí rédíò ní Yorùbá, ní Gùn, ní Fọ̀n.

Àwọn kan ń bẹ̀rù pé irú agbára bẹ́ẹ̀ lè di kùmọ̀ tí ẹni tó wà lórí oyè yóò fi na alátakò. Ẹ̀rù náà kì í ṣe lásán. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ilé ẹjọ́ fúnra rẹ̀ ni kó máa yan ibi tí yóò yẹ̀ wò, kì í ṣe ìjọba. Kí wọ́n gbọ́ tẹnu ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn kí ìròyìn tó jáde. Òṣùwọ̀n tí wọ́n bá fi wọn mẹ́ẹ̀rì ẹgbẹ́ alátakò, òun náà ni kí wọ́n fi wọn mínísítà.

Ẹ̀yin aṣòfin tó wà ní Àjàṣẹ́, ọwọ́ yín ni òfin wà. Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ má sọ tíkẹ́ẹ̀tì yín nù. Bí ìgbìmọ̀ kọ̀múùnù bá ń ṣèpàdé, ẹ lọ jókòó, kí ẹ sì béèrè ohun tí wọ́n fi owó yín ṣe.