Èéfín Dúdú Ti Wọlé Tọ Àwọn Ọmọ Wa: Kí Ni Ẹgbẹ́ Fẹ́ Ṣe?



Láti ìparí ọdún 2016 ni èéfín dúdú tí gbogbo èèyàn ń pè ní soot ti ń bà lé wa lórí ní Port Harcourt níbí. Aṣọ ni mò ń tà. Tí mo bá gbé léèsì funfun kọ́ síwájú ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀, kó tó di ìrọ̀lẹ́, ó ti yí àwọ̀. Ṣùgbọ́n aṣọ ṣeé fọ̀. Ẹ̀dọ̀fóró ọmọ ọwọ́ ńkọ́? Ta ló máa bá wa fọ ìyẹn?

Èyí tí à ń rí nílẹ̀ kọ́ ló burú jù, èyí tí ojú ò rí ni. PM2.5 ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Ó kéré débi pé irun orí kan fi nǹkan bí ìlọ́po 30 nípọn jù ú lọ. Ó ń gba imú wọ ẹ̀dọ̀fóró, ó sì lè ti ibẹ̀ wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ká ti fèrèsé, ó ṣì ń rí àyè wọlé.

Nígbà kòrónà ní 2020, ọkùnrin méjì ní Amẹ́ríkà, Richard Corsi àti Jim Rosenthal, gbé ọgbọ́n kan jáde tí ẹnikẹ́ni lè fi ọwọ́ ṣe nílé. Ẹ to fílítà MERV-13 mẹ́rin bí ògiri mẹ́rin. Ẹ fi páálí ṣe ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ gbé fáànù onígun mẹ́rin lé e lórí, kó máa fẹ́ sókè. Ẹ jẹ́ kí ọfà ara fílítà kọjú sínú, kí ẹ sì fi téèpù dí gbogbo ibi tí wọ́n ti pàdé. Fáànù á máa fa afẹ́fẹ́ yàrá gba inú fílítà, ẹ̀gbin á há síbẹ̀. Tó bá ti dúdú, ẹ pààrọ̀ ẹ̀, ẹ má fọ̀ ọ́. Kódà fílítà kan ṣoṣo tí ẹ lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn fáànù sàn ju òfo lọ.

Àwọn kan á ní iṣẹ́ ìjọba ni. Òótọ́ ni. Ìjọba ló yẹ kó lé àwọn tó ń fọ epo nínú igbó, tí wọ́n ń pè ní kpo fire. Àgbà ní ká kọ́kọ́ lé akátá jìnnà ná, ká tó fàbọ̀ bá adìyẹ. Ṣùgbọ́n akátá ò tíì lọ. Ṣé ká wá fi adìyẹ sílẹ̀ níta ni?

Àwọn míì á ní iná ò sí. Fáànù kì í jẹ iná bí ẹ́sì. Ìgbà tí wọ́n bá mú iná wá, ẹ tàn án ní yàrá táwọn ọmọ ń sùn.

Ẹ fetí sí èyí dáadáa o: fílítà ò lè mú gáàsì olóró tó ń jáde lára jẹnẹrétọ̀. Kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, ó sì ń pa odindi ìdílé mọ́jú. Ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ jìnnà sílé tó ẹsẹ̀ bàtà 20, kó má kọjú sí fèrèsé ẹnikẹ́ni, títí kan ti aládùúgbò. Ẹni tó bá gbé e sí báràǹdá torí pé ó ní fílítà nínú yàrá ń tan ara ẹ̀ jẹ ni.

Àbá mi rèé. Èmi tí mò ń ta aṣọ ni mò ń sọ ọ́ o: ká fi aṣọ ẹbí ìparí ọdún yìí sílẹ̀. Ká jọ ra fílítà àti fáànù lẹ́ẹ̀kan náà, torí ọjà téèyàn bá rà pọ̀ máa ń dínwó. Àwọn ọmọ wa tó mọṣẹ́ iná á tò ó. Ilé tí ọmọ ìkókó wà, ilé tí aláàsíímà wà, ilé àwọn ìyá àti bàbá wa àgbà, ibẹ̀ ni ká ti bẹ̀rẹ̀.

Aṣọ ẹbí á pé ọdún kan, a ò ní wọ̀ ọ́ mọ́. Èémí ọmọ la máa lò títí ayé. Màá gbé e kalẹ̀ nípàdé tó ń bọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá dá sí i.