Kámẹ́rà Lẹ́yìn Ìwé Ìròyìn Ní Hòtẹ́ẹ̀lì Lord Elgin

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń tajà lẹ́bàá ilé ọtí, ẹ ó ti rí irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ rí. Á jókòó sí kọ̀rọ̀, á ra bíà kan ṣoṣo, bíà ọ̀hún á lọ́ wọ́ọ́rọ́ kò ní í mu ún tán. Ìwé ìròyìn ni yóò gbé bojú bí ẹni tó fẹ́ ṣèdánwò lọ́la. Irú wọn ni wọ́n ń rí ní nǹkan bí ọdún 1964 ní ilé ọtí abẹ́ ilẹ̀ tó wà ní Hòtẹ́ẹ̀lì Lord Elgin, láàárín gbùngbùn Ottawa, olú-ìlú Kánádà. Ṣùgbọ́n onítọ̀hún ò kàwé kankan. Kámẹ́rà ló wà lẹ́yìn ìwé ìròyìn, ọlọ́pàá ló sì ni kámẹ́rà.

Àwọn tó ń yà ni àwọn ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin bíi tiwọn. Wọn ò jalè, wọn ò jà. Wọ́n jókòó lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́, wọ́n ń mu bíà, wọ́n ń tàkúrọ̀sọ ni. Ṣùgbọ́n òfin Kánádà nígbà náà ka irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ sí ọ̀ràn ẹ̀wọ̀n, ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá sì ti wọ fáìlì ọlọ́pàá, bó bá jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba ni, iṣẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn.

Hòtẹ́ẹ̀lì gidi ni Lord Elgin o, kì í ṣe ilé ọtí ẹ̀yìnkùlé. Ọdún 1941 ni wọ́n ṣí i, nígbà tí ogun Hitler ń lọ lọ́wọ́, tí òṣìṣẹ́ àti ológun ń rọ́ wọ Ottawa. Mackenzie King, olórí ìjọba Kánádà fúnra rẹ̀, ló fi òkúta ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀. Orúkọ gómìnà àgbà kan tó ṣàkóso ibẹ̀ láti 1847 sí 1854 ni wọ́n fi sọ ọ́. (Bàbá gómìnà yìí kan náà ló kó àwọn ère òkúta ilẹ̀ Gíríìkì, tí wọ́n fi dèrò London, tí àwọn onílẹ̀ ṣì ń bèèrè rẹ̀ títí dòní. Ẹ ò rí i pé ẹrù olóhun ò ṣàjèjì nínú ìdílé náà.) Ilé òkúta gàgàrà ni, òrùlé rẹ̀ jẹ́ bàbà tó ti di àwọ̀ ewé. Téèyàn bá fẹsẹ̀ rìn láti ibẹ̀ dé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, kò ní í tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Kí ló dé tó fi jẹ́ hòtẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ń fẹsẹ̀ sí? Òfin ọtí wà lára ohun tó fà á. Ní ìpínlẹ̀ Ontario, láti 1934, inú hòtẹ́ẹ̀lì ni ìjọba ti gbà kí wọ́n máa ta bíà fún ẹni tó fẹ́ jókòó mu ún. Wọ́n tún pín ibẹ̀ sí méjì: yàrá kan fún ọkùnrin nìkan, èkejì fún obìnrin àti ọkùnrin tó bá mú un wá. Wọ́n rò pé àwọn ń dènà ìṣekúṣe. Ẹ wá wo nǹkan! Ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi la yàrá tí ogún ọkùnrin lè jókòó sí láti ìrọ̀lẹ́ dòru, tí ẹnikẹ́ni ò ní í bi wọ́n pé ìyàwó yín dà. Àlejò láti ìlú mìíràn ti ní yàrá tirẹ̀ lókè, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Akọ̀wé ìjọba tó ṣíwọ́ iṣẹ́ nírọ̀lẹ́ kò sì ní í wọkọ̀ kó tó débẹ̀.

Ọ̀rọ̀ amí ló wá da omi tútù sí i. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1945, Igor Gouzenko, akọ̀wé kan ní ilé iṣẹ́ aṣojú Rọ́ṣíà ní Ottawa, sá jáde pẹ̀lú ìdì ìwé àṣírí, ó sì tú u síta pé Rọ́ṣíà ti ní amí nínú iṣẹ́ ìjọba Kánádà. Láti ìgbà náà ni ìjọba ti ń fura sí òjìji ara rẹ̀. Wọ́n ní ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin ní ohun tó ń fi pa mọ́; bí Rọ́ṣíà bá gbọ́ fín-ín-rín rẹ̀, wọ́n lè fi halẹ̀ mọ́ ọn pé àfi kó kó ìwé ìjọba wá. N ni wọ́n bá rán RCMP, àwọn ọlọ́pàá ìjọba àpapọ̀ tí ayé mọ̀ mọ́ ẹṣin àti kóòtù pupa, pé kí wọ́n lọ wá wọn jáde.

Àwọn àgbà ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ̀ ọ́. Òótọ́ ni. Ta ló wá la ògiri ọ̀hún lẹ́nu? Ìjọba ni. Ọkùnrin tí wọn ò ní í lé níṣẹ́, tí wọn ò ní í sọ sẹ́wọ̀n, kí ni Rọ́ṣíà fẹ́ fi dẹ́rù bà á? Àwọn tó dá ìbẹ̀rù sílẹ̀ náà ló tún ń fi ìbẹ̀rù yẹn dá èèyàn lẹ́bi.

Bí ọwọ́ bá ti tẹ ẹnì kan, wọ́n á ní kó dárúkọ àwọn yòókù. Nígbà tó fi máa di 1968, orúkọ tó wà nínú fáìlì RCMP ti tó nǹkan bíi 9,000. Wọ́n lé àwọn kan, wọ́n ní kí àwọn kan kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ wọ́ọ́rọ́, wọ́n sì gbé àwọn mìíràn lọ síbi tí wọn ò ti ní í fojú kan fáìlì gidi mọ́. Ọ̀pọ̀ ò lè sọ nílé ìdí tí owó oṣù fi dáwọ́ dúró. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń dá èésú á mọ èyí tó tún burú jù níbẹ̀: bí ẹnì kan bá ti dalẹ̀ láàárín ẹgbẹ́, gbogbo ẹgbẹ́ ni yóò máa wo ara wọn tìfura-tìfura. Ẹni tó jókòó tì ọ́ ní Lord Elgin lálẹ́ àná lè ti dárúkọ rẹ láàárọ̀ yìí.

Síbẹ̀ wọn ò káwọ́ gbera. Ọkùnrin kan tó máa ń lọ síbẹ̀ ṣàlàyé fún àwọn tó ń ṣèwádìí ìtàn yìí, Gary Kinsman àti Patrizia Gentile, tí ìwé wọn jáde ní 2010. Ó ní bí wọ́n bá ti rí ẹni tó gbé ìwé ìròyìn bojú, ọ̀kan nínú wọn á yọ pọ́ọ̀sì owó rẹ̀, á gbé e sókè, á máa ṣe bí ẹni tó ń ya fọ́tò. Ni gbogbo ilé ọtí á bá nàka sí oníwèé ìròyìn! Ẹ fojú inú wo ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí gbogbo èèyàn ń nàka sí.

Ìjọba tún wá ẹ̀rọ. Frank Wake, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Carleton ní Ottawa, ló bá wọn dá a lé ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. Wọ́n á fi èèyàn jókòó, wọ́n á máa fi àwòrán ọkùnrin àti obìnrin hàn án, ẹ̀rọ á máa wo bóyá ẹyinjú rẹ̀ ń fẹ̀. Àwọn ọlọ́pàá sọ ọ́ ní “fruit machine”, ẹ̀rọ èso, nítorí èso ni wọ́n fi ń bú àwọn ọkùnrin wọ̀nyí. Nígbà tí wọ́n ní kí àwọn ọlọ́pàá wá jókòó sí i kí wọ́n fi dán an wò, wọ́n fà sẹ́yìn, ẹ̀rù ń bà wọ́n kí ẹ̀rọ má lọ mú wọn! Kò ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kan. Iná lásán ń mú kí ẹyinjú fẹ̀ tàbí kó sún kì. Ní 1967 wọ́n pa á tì.

Ti John Watkins kọjá ẹ̀rín. Aṣojú Kánádà ní Moscow ni láti 1954 sí 1956. Àwọn Rọ́ṣíà dẹ okùn fún un pẹ̀lú ọkùnrin lóòótọ́, àmọ́ kò tú àṣírí orílẹ̀-èdè rẹ̀. Síbẹ̀, ní oṣù kẹwàá ọdún 1964, RCMP tì í mọ́ yàrá hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Montreal, wọ́n ń wádìí ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, àyà rẹ̀ daṣẹ́ sílẹ̀, ó sì kú mọ́ wọn lọ́wọ́. Títí wọ àwọn ọdún 1980 ni wọ́n fi bo bó ṣe kú mọ́lẹ̀.

Ẹni tí kò tilẹ̀ ṣiṣẹ́ ìjọba náà jìyà. Everett Klippert ń ran mẹkáníìkì lọ́wọ́ ní àríwá Kánádà nígbà tí wọ́n mú un ní 1965. Ní 1967, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fọwọ́ sí i pé kí wọ́n tì í mọ́lé láìní gbèdéke, nítorí àwọn ọkùnrin tó bá a lò pọ̀ tìfẹ́-tìfẹ́. Ariwo ta. Ní ọdún yẹn kan náà ni Pierre Trudeau, mínísítà ètò ìdájọ́, gbé àbá òfin tuntun wá, ó sì di òfin ní 1969: ohun tí ọkùnrin méjì tó ti pé ọmọ ọdún 21 bá jọ ṣe ní kọ̀rọ̀ kì í ṣe ọ̀ràn mọ́. Klippert kò jáde títí di 1971.

Ẹ má rò pé lílé náà dúró síbẹ̀. Òfin yí padà, fáìlì ò kúrò nílẹ̀. Ní 1989 wọ́n ṣì lé Michelle Douglas kúrò nínú iṣẹ́ ológun torí pé obìnrin ló ń fẹ́. Ó gbé wọn lọ sílé ẹjọ́, àwọn ológun sì jáwọ́ nínú òfin yẹn ní 1992.

Ọjọ́ 28, oṣù kọkànlá, ọdún 2017 ni Justin Trudeau, ọmọ Pierre yẹn, tó jẹ́ olórí ìjọba nígbà náà, dìde nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin, ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ gbogbo àwọn tí wọ́n ṣe báyìí lé níṣẹ́, omijé sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Owó gbà-má-bìínú tí ìjọba yà sọ́tọ̀ lé ní 100 mílíọ̀nù dọ́là. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń nàka sí oníwèé ìròyìn ti di ará ọ̀run kó tó dọjọ́ náà. Hòtẹ́ẹ̀lì Lord Elgin ṣì wà ní òpópónà Elgin, ó ń gbàlejò.